Àǹtí Mí-Sínú àti Ọ̀gá Eléyín

Eyín ló kó wọn pàdé. Kì í ṣe eyín tó wà lẹ́nu ènìyàn o. Eyín àfọwọ́ṣe ni, odindi ẹnu kan, tòkè tìsàlẹ̀, tó já bọ́ láti orí pẹpẹ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tó sì fọ́ sí mẹ́ta.

Obìnrin tó fà á tí eyín fi fọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, nínú gbọ̀ngàn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, pẹ̀lú àwọn ọmọ mọ́kànlá tí ó ní kí wọ́n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Yóga ló ń kọ́ wọn: bí wọ́n ṣe ń na ara, bí wọ́n ṣe ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí igi, bí wọ́n ṣe ń yọ ahọ́n bí kìnnìún, bí wọ́n ṣe ń mí láìkánjú. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ jù lọ ni "mí sínú", ni àwọn ọmọ bá sọ ọ́ ní Àǹtí Mí-Sínú, kò sì pẹ́ tí àwọn òbí fi gbà á lẹ́nu wọn.

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kì í ṣe ọmọ tí wọ́n kàn ń wá ibi ṣeré. Àwọn kan wà nínú wọn tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan, tí olùkọ́ yóò máa sọ̀rọ̀ níwájú, tí tiwọn yóò ti bá ẹyẹ ojú fèrèsé lọ. Àwọn mìíràn wà tí àyà wọn máa ń já lórí ohun gbogbo, tí inú yóò máa run wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Kì í pe iṣẹ́ rẹ̀ ní oògùn. Bí òbí bá bi í, èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Ohun tí dókítà bá ní kí ẹ ṣe, ẹ máa ṣe é lọ. Tèmi ni pé kí ara ọmọ yín mọ ọ̀nà tó máa gbà padà sílé."

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, wọ́n ti fò tán, gbogbo wọn sì ti nà gbalaja sórí ẹní, oníkálùkù pẹ̀lú ẹranko aláṣọ kan lórí ikùn, tí wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, tí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé, tòun ti eyín fífọ́ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ le koko.

Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àǹtí Mí-Sínú fi ìka kan ètè, ó sì tọ́ka sí ẹní kan tó ṣófo. Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó bọ́ bàtà, ó sì dùbúlẹ̀. Obìnrin náà gbé pẹ́pẹ́yẹ aláṣọ kan lé e níkùn, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi gbọ́ ọ tó ń hanrun.

"Àǹtí," ni ọmọbìnrin kan sọ wúyẹ́wúyẹ́, "pẹ́pẹ́yẹ bọ̀ọ̀dá yẹn fẹ́ fò lọ."

Ẹ̀rín bú jáde. Ọkùnrin náà ta jí, pẹ́pẹ́yẹ ṣubú, eyín náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sáàárín ẹní, ni àwọn ọmọ bá fi igbe bọnu. Ó ṣe díẹ̀ kí ara tó rọlẹ̀.

"Ẹ má bínú," ló sọ fún obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, etí rẹ̀ ti pọ́n. "Mo wá bá yín jà ni."

"Ṣé ẹ ti bá mi jà tán?"

"Mi ò rántí ohun tí mo fẹ́ sọ mọ́."

Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti wá gbọ́ pé àwọn dókítà eyín ló ń gbéṣẹ́ fún un, pé ìsàlẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tó ti ń fi fáìlì, irin tín-ín-rín oníṣẹ́ eyín, ha eyín àfọwọ́ṣe títí yóò fi jọ èyí tí Ọlọ́run dá. Ọ̀gá Eléyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àǹtí Mí-Sínú tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí eyín tí fífò àwọn ọmọ mú já bọ́, ó sì ṣèlérí pé láti ọjọ́ náà lọ, àgbàlá ẹ̀yìn ilé ni ọ̀pọ̀lọ́ yóò ti máa fò.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà tún gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fa ọmọ lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ ni. Kò tí ì wọlé tán tó ti fọwọ́ kan gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀. Alápáǹdẹ̀dẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń pè é, nítorí kì í bà síbì kan. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Ní ilé ìwé, wọn kì í yé kọ ìwé ránṣẹ́ sílé pé kì í fetí sílẹ̀, àti pé bí wọ́n bá pè é kó wá kàwé níwájú kíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á ní òun fẹ́ bì.

"Dókítà rẹ̀ ní kí n wá nǹkan bí irú èyí," ni Ọ̀gá Eléyín wí. Ó bojú wo ẹnu ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ìyá mi má gbọ́."

Ìyá rẹ̀ yìí, tí òun àti wọn jọ ń gbé, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Màmá Hẹ́ẹ̀dì làwọn ènìyàn ṣì ń pè é. Ní tirẹ̀, ọmọ tí kò jókòó jẹ́ẹ́, wọn ò tíì bá a wí tó ni.

Báyìí ni Alápáǹdẹ̀dẹ̀ di ara kíláàsì. Kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan o. Oṣù kan kọjá kó tó lè dúró bí igi títí àwọn yòókù á fi ka ení dé ẹ̀wá. Ṣùgbọ́n eré kan wà tó gba ọkàn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní gígun òkè márùn-ún: ọmọ á la ọwọ́ kan, á máa fi ìka ọwọ́ kejì gun ẹ̀gbẹ́ ìka kọ̀ọ̀kan, á mí sínú bó ṣe ń gòkè, á mí síta bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, títí gbogbo ìka á fi tán. Ó máa ń ṣe é nínú ọkọ̀, ó máa ń ṣe é lábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ kan ó sáré wọlé, ó ní òun kàwé níwájú kíláàsì, òun ò sì bì. "Mo ṣì í kà lẹ́ẹ̀mẹta," ló wí, "ṣùgbọ́n mo kà á tán!"

Ní ti bàbá rẹ̀, aago mẹ́rin ló máa ń mú un wá, aago márùn-ún ló yẹ kó wá gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, aago márùn-ún kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ń dé. Ó bá wọn tún kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tó ń há ṣe pẹ̀lú fáìlì eyín. Bí ọmọ bá ti sáré lọ sí àgbàlá, àwọn méjèèjì á dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ eyín, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ aláìsàn kan tó ní kí wọ́n ṣe eyín tó funfun ju ti àna òun lọ. Ọkùnrin náà kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́rọ̀. Àǹtí Mí-Sínú kíyè sí ara rẹ̀ pé gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun ń pààrọ̀ yẹtí lẹ́ẹ̀mejì níwájú dígí. "Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ló wí fún dígí. "Ìwọ náà dẹ̀ yé ṣe bí ọmọdé."

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n pàdé, ọkùnrin náà sọ ọ́. Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni.

"Ọmọ mi ti ń sùn dáadáa báyìí," ló fi bẹ̀rẹ̀, tó ń wo bàtà rẹ̀. "Ó máa ń bi mí pé kí ló dé tẹ́ ẹ kì í bá wa délé. Mo rò ó pé... yóò dáa fún un tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀. Ọwọ́ yín tù ú lára. Mo fẹ́ fẹ́ yín."

Inú Àǹtí Mí-Sínú kọ́kọ́ dùn, ayọ̀ náà sì tún lọ sílẹ̀. Ó ń retí ọ̀rọ̀ kejì, èyí tó kan òun fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kejì.

"Ọ̀gá Eléyín," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé ìyàwó lẹ ń wá ni, àbí ẹni tó máa bá yín tọ́mọ?"

 Ẹni tó ń ṣe eyín kún ẹnu àwọn ẹlòmíràn, kò rí ọ̀rọ̀ kan fi kún tirẹ̀.

"Mi ò lè wá," ni obìnrin náà wí. Ó sì wọlé kó má bàa rí omi ojú òun.

Ohun tó dùn ún jù ni pé ó fẹ́ràn ọmọ náà. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà kò wù ú ni, ìbínú rẹ̀ ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti mọ bó ṣe máa ń rí kí ènìyàn máa wúlò fún gbogbo ayé kí ẹnikẹ́ni má sì bi í pé, "Ìwọ ńkọ́?" Òun náà ti jẹ́ ọmọ tí inú ń run láàárọ̀ ìdánwò. Ìfòyà náà kò sì tíì fi í sílẹ̀ tán, kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Ta ni yóò mú ọmọ rẹ̀ tó ń ṣojo wá sọ́dọ̀ olùkọ́ tí òun náà ń ṣojo?

Ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí, ẹsẹ̀ kan ń dún lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò, kò, kò, bí ẹni ń ka iye àkàsọ̀. Ìyá àgbà kan wọlé, ó dúró gbọnrangandan, ó na ọrùn síwájú bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

"Ṣé ìwọ ni Mí-Sínú?"

"Èmi ni, Mà. Ẹ káàsán, Mà."

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ènìyàn. Kò sí ọmọ tí kì í jókòó ní kíláàsì mi."

"Mo gbà yín gbọ́, Mà."

"Kí lo wá ń kọ́ wọn níbí? Ọmọ ọmọ mi yọ ahọ́n sí mi nídìí oúnjẹ, ó ní kìnnìún ni. Ó ní ò ń kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń mí. Ta ni wọ́n bí tí kò mọ̀ ọ́n mí?"

"Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, Mà. Ìgbà tí ẹ̀rù bá dé la máa ń gbàgbé."

"Ẹ̀rù kì í bà mí!" Ìyá náà gbé àpò rẹ̀ sí apá kejì. "Mo sì tún gbọ́ pé ọmọ mi fẹ́ fẹ́ ọ. Mo wá sọ ọ́ lójú ara rẹ: mi ò fọwọ́ sí i. Obìnrin tó ń dorí kodò níwájú ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ló máa jẹ́ ìyàwó ilé mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Mo ti ní mi ò fẹ́."

Màmá Hẹ́ẹ̀dì dúró bí ẹni tí àkàsọ̀ yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"O ní o ò fẹ́? Ọmọ tèmi? Kí ló ṣe ẹ́ tó ò fi fẹ́ ẹ?"

Àǹtí Mí-Sínú kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín pa á. Ó bo ẹnu, ẹ̀rín kò dúró. Ìyá àgbà náà pòṣé, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ, kò, kò, kò.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Bàbá kì í mú ọmọ wá mọ́, ọmọ náà ń dá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá fúnra rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, obìnrin kan tó wọ kóòtù dúdú wọlé, ó fa àga, ó jókòó. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Eléyín ni. Agbẹjọ́rò ni.

"Mo wá ṣojú oníbàárà mi," ló wí. "Oníbàárà mi gbà pé òun jẹ̀bi."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹnu rẹ̀ wúwo. Láti kékeré ni. Ó ra òdòdó fún ìyá ọmọ rẹ̀ nígbà kan rí, ó gbé e síwájú ilẹ̀kùn, ó sì sá lọ. Ọdún kan gbáko kí ìyẹn tó mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀." Ó sún mọ́ iwájú. "Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ṣé o fẹ́ràn àbúrò mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀."

"Ìyẹn nìkan ni ilé ẹjọ́ fẹ́ gbọ́."

Àǹtí Mí-Sínú wo ilẹ̀.

"Kó wà lákọsílẹ̀," ni agbẹjọ́rò náà wí, "pé ẹlẹ́rìí dákẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́."

"Ẹ bá mi sọ fún un," ni obìnrin náà wí nígbẹ̀yìn, "pé tó bá ní nǹkan láti sọ nípa tèmi, kó wá sọ ọ́. Tèmi o. Kó má sọ ti ọmọ."

Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ wá kọ́ ni Ọ̀gá Eléyín. Màmá Hẹ́ẹ̀dì ni. Oṣù kan lẹ́yìn náà ló gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, díẹ̀díẹ̀ báyìí, pẹ̀lú báńdéèjì lójú òsì. Àǹtí Mí-Sínú sáré lọ dì í mú. Ìyá náà kò já ọwọ́ gbà.

"Ọdún kan gbáko ni mo fi sún iṣẹ́ abẹ ojú yìí síwájú," ló wí nígbà tó jókòó. "Bí wọ́n bá ti pè mí, mo máa ń ní ọwọ́ mi dí. Ọwọ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì! Kí ló fẹ́ máa fi dí?" Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà tí wọ́n mú mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, àyà mi ń lù kìkìkì, mi ò rí èémí mí. Mo dìde pé mò ń lọ sílé. Àfi bí ọmọ yẹn ṣe di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká gun òkè.' Níwájú àwọn nọ́ọ̀sì! A gun gbogbo ìka ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọmọ tí kì í jókòó, ìdajì wákàtí ló fi jókòó tì mí."

Àǹtí Mí-Sínú bu omi fún un.

"Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n," ni ìyá àgbà náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Mo máa ń ní kí wọ́n dúró síwájú kíláàsì títí ọwọ́ náà á fi yé gbọ̀n. Mo rò pé mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Mo rántí orúkọ àwọn kan." Ó nu ojú kan tó ṣí sílẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, "Ní ti ọmọ mi, mi ò ní bá a bẹ̀ ọ́, òun náà ní ẹnu. Ṣùgbọ́n mo ti kúrò lójú ọ̀nà."

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn dé. Kíláàsì parí, Alápáǹdẹ̀dẹ̀ sì lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ ìsinmi náà, Àǹtí Mí-Sínú ń nu ẹní nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn.

Ọ̀gá Eléyín ni. Ó mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́.

"Ọmọ mi ò sí nílé," ló wí. "Kíláàsì ò sí. Kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kí n gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí lónìí."

"Kí lẹ wá gùn ún fún?"

"Nítorí tìẹ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè é ní "ẹ". Ó wo ìwé náà, ó ká a, ó tì í bọ àpò.

"Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́," ló wí. "Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ. Tó o bá ti ilẹ̀kùn tán, wàá sọ̀kalẹ̀, wàá tún padà lọ wò ó bóyá o tì í. Mo kọ́kọ́ rò pé o gbàgbé nǹkan ni. Ìgbà tó pẹ́ ló wá yé mi pé ẹ̀rù ló ń bà ẹ́. Tí fóònù ẹ bá dún, o máa ń fọwọ́ sáyà kó o tó gbé e. O ń kọ́ gbogbo ọmọ bí wọ́n ṣe ń lé ẹ̀rù, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ò ń lé tìẹ náà. Láti oṣù kẹta tí mo ti mọ̀ ẹ́, mi ò tíì ti ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan rí àyàfi tí mo bá gbọ́ pé o ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Àǹtí Mí-Sínú rọra jókòó sórí ẹní.

"Mi ò fẹ́ kó o wá tọ́jú ẹnikẹ́ni," ni ọkùnrin náà wí. "Ọmọ mi ni ọmọ mi, màá tọ́ ọ. Ìwọ ni mo fẹ́ máa dúró dè. Tó o bá fẹ́ lọ wo ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, màá dúró. Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló kàn yá mi lẹ́nu jù."

Obìnrin náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tó ń ṣe gan-an.

"Kí ló wà nínú ìwé yẹn?" ló béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́. Ó ní 'gẹ́gẹ́ bí a ti là á kalẹ̀ nínú ìpínrọ̀ kejì.'"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó di dandan kí wọ́n sinmi kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀ ìfẹ́ mìíràn.

Àwọn òbí Àǹtí Mí-Sínú pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ janpata. Bàbá rẹ̀ béèrè bóyá ọkùnrin náà máa ń bínú, ó sì gbọ́ ìtàn pẹ́pẹ́yẹ dípò èsì. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n jókòó ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó, yàrá tóóró kan tó ní àga méjìlá àti fáànù kan tó ń ké. Ọkọ fọwọ́ síwèé. Wọ́n na bírò sí ìyàwó. Ó gbà á, ó tẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Inú rẹ̀ dùn, ọkùnrin náà ló sì fẹ́, síbẹ̀ ọwọ́ kò gbọ́ràn.   Ó ronú pé báyìí ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé òun náà ń ṣojo, gbogbo òbí tó wà níjòókòó, gbogbo àwọn ọmọ tó tò sẹ́yìn.

 Ọ̀gá Eléyín sún àga rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì dúró dè é.

Akọ̀wé náà wo aago. "Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, àwọn mìíràn wà níta tó ń dúró."

Láti ìjókòó iwájú, ohùn kan jáde, ohùn tó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n pa kíláàsì lẹ́nu mọ́.

"Wọ́n á dúró," ni Màmá Hẹ́ẹ̀dì wí. "Ẹ má kán ọmọ mi lójú."

Àǹtí Mí-Sínú gbójú sókè, ó wo ìyá àgbà náà. Ó mí sínú, ó mí síta. Ó sì fọwọ́ síwèé, lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ṣeé kà.